Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbọdọ̀ Pè

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọkítóbà 1982

Mo ra ìwé yìí lọ́jà, mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Ohun tí n kò lè sọ síta ni n óò máa sọ síbí. Ìyàwó tuntun ni mí nílùú Ìṣẹ́yìn. Ọkọ mi ń hun òfì níwájú ilé, èmi ń ká òwú fún un. Olówó-orí-mi ni mo ń pè é. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó ní ẹ̀pà ń dúró dè mí lóko. Ìwé mẹ́fà ni mo fẹ́ gbà. Olówó-orí-mi ti ṣèlérí. Lọ́la ni n óò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ọkítóbà

Kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi wá sí, lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Bẹ́ǹṣì kéékèèké — orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà wa ni Mísí Florence, agùnbánirọ̀. Èkó ni wọ́n bí wọn sí. Ìwé ọmọdé ni wọ́n ń kà fún wa: Ajá Túndé ń sáré. Àwa náà á dáhùn: Ajá Túndé ń sáré.

Ará ilé ọkọ mi ló kún ibẹ̀. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mo ti fún wọn ní tèmi. Eyínfúnjowó — àbúrò ọkọ mi obìnrin. Akọ̀wé — àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò mú pẹ́ńsù rí. Ìyá Ẹlẹ́kọ, ìyálé gbogbo wa, ẹ̀kọ tí wọ́n ń tà la fi ń pè wọ́n. Nínú ìwé yìí pàápàá n kò kọ orúkọ wọn gan-an. Ọwọ́ mi ń bẹ̀rù bí ẹnu mi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ọkítóbà

Tíṣà ní kí n kàwé. Mo kà á já. Wọ́n ní kí ni mo ń wá láàárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀? Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn fún àwọn tó máa ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà. Àmọ́ àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wò mí ná: láti Ìṣẹ́gun, èmi ni n óò máa pe orúkọ àwọn tó wá. Inú mi dùn débi pé n kò ronú.

Mo sọ fún Olówó-orí-mi. Ó ní bí wọ́n bá gbé mi sókè kí oṣù tó parí, kí n máa lọ. Bó bá jẹ́ a-b-d tí mo ti mọ̀ nílé bàbá mi ni, òwú ń dúró. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ — wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ọkítóbà

Mo dìde pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn wọn, Eyínfúnjowó. Lẹ́yìn rẹ̀, Akọ̀wé. Ẹnu mi wúwo. Gbogbo wọn mọ ìdí, kò sẹ́ni tó là á yé Tíṣà — wọ́n fẹ́ wo irú ìyàwó tí wọ́n gbé wálé.

Tíṣà dúró títí. "Áà. Ṣé o há ìwé tọjọ́sí sórí ni?" Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n dá mi padà sáàárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó. Ajá Túndé ń sáré.

Lójú ọ̀nà, Eyínfúnjowó gbá mi léjìká. Ó ní, "Ìyàwó wa, o káre! O lẹ́kọ̀ọ́ ilé." Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní tilé.

Ọjọ́rú, 13 Ọkítóbà

Mo ká òwú. Pupa.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọkítóbà

Ariwo sọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Tíṣà, láti ìgbà iṣu tuntun ni ajá yìí ti ń sáré. Ibo ló ń lọ tí kò dé?" A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ìbínú dé. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń lọ kí ọmọ wọn n'Ìgbòho nígbà kan, mọ́tò Ìgànná ni wọ́n wọ̀. Orúkọ ìlú wà lára mọ́tò, wọn ò lè kà á, ojú tì wọ́n láti béèrè. Akọ̀wé ní oníbàárà kọ àwọ̀ tó fẹ́ sí bébà, òun hun òmíràn. "Kí lèmi fẹ́ fi ajá ṣe?"

Tíṣà ní ìwé tí wọ́n kó fún àwọn nìyẹn. Èmi rò ó sínú pé àgbàlagbà kì í ṣe ọmọdé tó ga.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ọkítóbà

Olówó-orí-mi bi mí: "Ajá ńkọ́?" Mo ní ó ń sáré. Ó rẹ́rìn-ín títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ya ọ̀kan nínú a-b-d sílẹ̀ kí òun rí i. Mo yà á. Ó fẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó yọ. Kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Ọkítóbà

A ò pọ̀. Ó ti sú àwọn ẹlòmíràn. Tíṣà tún bi mí: ẹni tó kàwé já, kí ló dé tí orúkọ fi ṣòro fún un? Ìyá Ẹlẹ́kọ ló dá wọn lóhùn: "Ìyàwó ilé wa ni! Ṣé ẹ fẹ́ kó máa pè mí bí ẹgbẹ́ ẹ̀ ni?" Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní ká má bínú, ó yẹ káwọn ti béèrè.

N kò mọ ohun tó kì mí láyà. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ orúkọ wọn sójú pátákó: Àpọ́nlé. Kíkẹ́. Ládòkun.

Ẹnì kan ní mo ti pè wọ́n. Akọ̀wé ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni?" Wọ́n ń jiyàn lọ. Tíṣà ní kí kálukú wá wo tirẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ fọwọ́ pa tiwọn — "Èmi nìyí? Gbogbo bí mo ṣe tóbi tó?" Wọ́n wá pè é fúnra wọn. Àpọ́nlé.

Ọjọ́bọ̀, 21 Ọkítóbà

Ajá Túndé sinmi. Ìgbòho àti Ìgànná la kọ́ lónìí, lẹ́yìn náà pupa, dúdú, funfun. Àwọn ọkùnrin gbé àpótí ìjókòó wọn wá láti ilé òfì, orúnkún wọn sọ̀ kalẹ̀. Èmi ń kọ, ẹni tó ni orúkọ ń pè é. Tíṣà gbé mi sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn!

Nílé, ìyá ọkọ mi ti gbọ́. "O kọ àgbà ilé sójú pátákó bí ẹni kọ iye owó ẹja. Ọ̀la ńkọ́?" Wọ́n ní ọmọ àwọn ni yóò sọ bóyá n óò tún jáde. Olówó-orí-mi ń hunṣọ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ọkítóbà

Kò tíì sọ nǹkan kan. N kò lọ. Òwú dúdú.

Ọjọ́bọ̀, 28 Ọkítóbà

Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, Olówó-orí-mi gbọn òwú kúrò lára, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó jáde. Kò wí fún ẹnikẹ́ni. Láìpẹ́ Eyínfúnjowó sáré dé: "Ìyàwó wa, ọkọ ẹ wà ní kíláàsì!" Mo fi òwú sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró lójú fèrèsé.

Àárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí, ó tẹrí mọ́lẹ̀. Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀.

Ó bọ́ síwájú. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí òwú ti já. Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tún pè é, kíláàsì gbọ́. Ó yíjú sí fèrèsé: "Màámi, èmi rèé. Bó bá jókòó ti òwú, ta ni yóò kọ́ mi ní ìyókù?"

Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní òwú kì í ká ara rẹ̀. Wọ́n lọ.

Nígbà tá a délé, ìyá rẹ̀ ni wọ́n jókòó ti òwú tí wọ́n ń ká a. Wọn kò wò wá.

Mo kọ ọ́ síbí náà. Ràsáàkì.