Búláńkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi We Ìdí Àgbàdo

Òde-Ayé,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, 1971.

Benedict ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òrùlé ibi tí o ń gbé kò jò? Olúwa kò ní gbàgbé rẹ sí Èkó. Èmi àti Lucy àbúrò rẹ ṣì wà láàyè, ìyẹn la fi ń dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo wa ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ọ̀gá agíríìkì tí ìjọba rán sí wa, kó wa jọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ohun kan wà nínú imí ẹran àti imí adìẹ tó ń jẹ́ náítírójìn, òun ló ń mú ewé dúdú, àmọ́ ojú kò lè rí i, bí a kò bá sì bò ó, yóò fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ó ní ká kó imí náà jọ, ká bò ó fún oṣù mélòó kan kó jẹrà kó tutù, kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n bá jẹ kù ni gbòǹgbò máa mu. Benedict, ẹ̀rín pa mí. Ta ni yóò gbé oúnjẹ tútù tí kòkòrò jẹ kù síwájú ẹni tí ebi ń pa?

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Aníwúrà tó ń sin adìẹ òyìnbó, mo kó imí tuntun tó ṣì ń gbóná, mo dà á sí ìdí gbogbo àgbàdo tí mo gbìn. Kí náítírójìn má bàa sá, mo ya búláńkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì, èyí tí ìyá rẹ fi bora títí ó fi kú, mo fi we ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń di egbò. Lucy bẹ̀ mí pé kí n má ya á, pé òórùn ìyá òun ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó.

Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, gbogbo àgbàdo náà ti gbẹ bí ohun tí a da omi gbígbóná sí. Kò sì sí irúgbìn kankan mọ́ nílé. Púpurú ẹ̀gẹ́ lásán là ń jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Lucy kò béèrè oúnjẹ mọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo rò pé náítírójìn wa ti fò dé Èkó, torí ohun tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ náà ló ń lọ, kì í sì í wálé, ì báà ṣe láti wá sìnkú. Mi ò bá ọ wí o. Bí o bá rí i, bá mi bi í pé kí ni mo ṣe fún un.

Ìdí mẹ́ta péré ló yè. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n wà, níbi tí ìyá rẹ máa ń so àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn tí a pa níbi ìsìnkú rẹ̀. Lucy ló kàn ju irúgbìn síbẹ̀. Ewé wọn dúdú, wọ́n ti ga ju Lucy lọ. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ ibẹ̀ wò: imí ewúrẹ́ ọjọ́sí ti di ilẹ̀, ó tutù, kò rùn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Gbádégẹṣin tó yé mi. Ìyá rẹ ṣì ń bọ́ wa, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, fi owó irúgbìn àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ránṣẹ́. Bí kò bá sí owó, gbé ara rẹ wá. Má fi búláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ mọ́.

Ohun tó jó gbòǹgbò mi kò ní jó tìrẹ. Ibi tí o bá tẹ̀ yóò tutù fún ọ. Lucy sọ pé tìrẹ ni ọ̀kan nínú ìdí mẹ́ta yẹn, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí o máa fi dé. Ebi ń pa á, ó sì jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Tètè wá.

Bàbá rẹ,
Olúsànyà