Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Màmá Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Wàhálà dé. Mo jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mi gba àtúnṣe tuntun tí Linux, ètò tó ń darí rẹ̀, gbé wá lánàá, ló bá gbàgbé pé Wáífáì wà láyé. "Kò rí ẹ̀rọ Wáífáì kankan" — ohun tó ń kọ sójú nìyẹn. Mo pa á, mo tàn án. Pàbó. Láti òní, Olóríkunkun lorúkọ rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wáífáì tí mo ń lò kì í kúkú ṣe tèmi. Ti Màmá Òkè ni, ìyá àgbà tó ń dá gbé lókè yàrá mi, òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń yí páásíwọ́ọ̀dù padà, tí n ó tún gun àtẹ̀gùn lọ tọrọ tuntun. Wọn kì í sọ ọ́ bọ̀rọ̀. "Jókòó ná, ọmọ mi. Ta ló ń lé ọ?" Ká tó dìde, tíì ti tán nínú kẹ́tù. Ó máa ń sú mi, kí n má parọ́.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo pe Ọ̀gá Atúnṣe, ọ̀rẹ́ mi tó fi Linux sí Olóríkunkun. Ó ní kí n wo bọ́tìnì Wáífáì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá mo ṣèèṣì pa á. Rárá. Ó ní kí n tẹ àṣẹ kan — orúkọ káàdì tó ń gba Wáífáì jáde gbangba. "Káàdì ò kú, òun àti Linux ò kàn gbọ́ra wọn yé ni." Ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun, ó dágbére. Ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí àfi awakọ̀: "Ẹ wọlé kíá!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ páásíwọ́ọ̀dù. N ò gòkè. Kí lapárí ń wá nísọ̀ onígbàjámọ̀? Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè — wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n padà. Wọ́n tún rìn débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ tí mo máa ń rí àbúrò mi obìnrin lójú láptọ́ọ̀pù. Mo fi fóònù oníbọ́tìnì mi pè é. Kò gbé e. Àárò èèyàn ń sọ mí gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N ò gòkè. Kò sí ìró ẹsẹ̀ kankan lókè. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ti ń ṣiṣẹ́! Ọ̀gá Atúnṣe ní àtúnṣe tuntun yẹn ni kò bá káàdì mi mu. Ó ní bí Olóríkunkun bá ti ń jí, kí n yan Linux ti tẹ́lẹ̀. Mo yàn án. Orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀: Dókítà Eyín. Ẹ Má Jí Tèmi Lò. Èmi nìkan ló ń pariwo nínú yàrá.

Mo wá wò ó dáadáa. "Ẹ Kanlẹ̀kùn" ò sí níbẹ̀. Ti Màmá Òkè.

Ìgbà wo ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn kẹ́yìn? Olúwa mi o — èmi tí mo ní mo sùn dáadáa!

N ò wọ bàtà tí mo fi sáré gòkè. Mo kanlẹ̀kùn, mo kanlẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn, àwọn kàn jókòó sílé ni. Mo béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní àwọn ti pa á.

"Èmi ò lò ó, ọmọ mi. Rédíò tó mi. Kí ẹnì kan lè máa wá kanlẹ̀kùn ni mo ṣe ń tàn án."

Wò mí, òmùgọ̀. Mo jókòó, mo ń sunkún. Wọ́n gbé kẹ́tù kaná.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, "Ẹ Kanlẹ̀kùn" ti padà sójú Olóríkunkun. N ò mọ páásíwọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìbéèrè ni. N ó gòkè lọ tọrọ rẹ̀ lọ́la.