Bàbá Tí Mo Ní Kó Wá Jẹun

Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì àwọn ará Íráàkì,
Al Muteena, Deira,
Dubai.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

A kú ọdún o, a kú ìyèdún. Ẹ kú ọyẹ́ náà. Mo mọ bí ọyẹ́ Òṣogbo ṣe máa ń rí nínú oṣù yìí: ètè rẹ á ti bẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á sì ti funfun bíi ti ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Jọ̀ọ́, máa fi òrí pa á. Ọkọ rẹ, Adéwálé, ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń hú lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti lọ? Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ mi, ńkọ́? Ṣé eyín rẹ̀ tó ká ti ń hù padà, àbí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ bíi fèrèsé? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ara mi le, mi ò tilẹ̀ fi orí fífọ́ sùn láti ìgbà tí ọdún ti yí.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ni. Bí mo bá fi ohùn rán an, wàá máa fò ó kiri bí ìṣe rẹ, ibi tó dùn gan-an lo sì máa fò. Bùsáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ òru níbi iṣẹ́ wa tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fún un lómi mu o, ọmọlúàbí ni.

Mo mọ ohun tí o ń retí lẹ́nu mi. Onílé ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Fíà fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbé apá kejì fún ẹlòmíì, ìwọ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń bọ̀ láti Dubai. Níbí náà, kọ́ńtíráàtì mi ń parí lọ, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ sì ní kí n wá sọ bóyá màá tún tọwọ́ bọ̀wé, àbí màá di ẹrù mi. Ẹ̀yin méjèèjì ti há mi sáàárín. Ìdáhùn mi ló wà nínú lẹ́tà yìí, àmọ́ má tíì wo ìsàlẹ̀ o, kà á bọ̀ látòkè.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé nígbà Kérésì, ilé ni mo fẹ́ wá. Iṣẹ́ sẹ́kúríìtì tí mò ń ṣe ní ilé gogoro kan ní Jumeirah Lake Towers ò burú. Ìdáwà ló fẹ́ pa mí, Bùsọ́lá. Láti àárọ̀ títí màá fi ṣíwọ́, gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ò ju “Good morning, sir” àti “Which floor, madam?” lọ. Àkókò iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n ráyè dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń pàdé. Bí mo bá sì délé, bedspace ni mò ń gbé: yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, kálukú fi kọ́tìnì yí tiẹ̀ ká bí ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Magdalene nìkan ló máa ń dá sí mi tẹ́lẹ̀. Ọmọ Íńdíà ni, láti Kerala, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Nírọ̀lẹ́, tó bá ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ tán, á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á ní, “Come, Funmi, eat.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín sí i, màá dúpẹ́, màá ní á gba ibi ire, màá sì wọ inú kọ́tìnì mi lọ mu gààrí. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Kò pè mí mọ́, ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, kí ni mo ṣe fún eléyìí? Mo gbà pé ará ìlú yìí kì í ṣe ẹni à á bá gbé.

Nígbà tí o wá bi mí lọ́jọ́ ọdún tuntun pé báwo gan-an ni Dubai ṣe rí, ojú tì mí. Mi ò mọ Dubai. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni mo mọ̀. Ni mo bá dá a lábàá pé lọ́jọ́ tí mo bá ní off, èmi nìkan á jáde, màá fi ìwọ̀nba tó wà lápò mi rìn yí ìlú yìí ká. Bí mo bá rìn títí dìrọ̀lẹ́ tí ẹnì kankan ò bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, a jẹ́ pé ilé yá, màá wá bá ẹ rán aṣọ.

Àná ni off náà bọ́ sí. Mo jí, mo se ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù, mo dín dòdò, mo dín ẹja, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà kékeré mi. Àwọn ilé oúnjẹ etí omi níbí, ojú ni irú wa fi ń jẹ tiwọn. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Al Muteena títí dé etí odò tí wọ́n ń pè ní Creek. Ibẹ̀ ni mo ti wọ abra, ọkọ̀ onígi kékeré kan tó ń kó èrò sọdá, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ìwọ náà mọ̀ mí sómi. Kó tó kúrò ní èbúté ni mo ti di apá aṣọ ọkùnrin ẹgbẹ́ mi mú gírígírí. Ọkùnrin náà ń wo aṣọ rẹ̀, ó ń wò mí. Èmi ò jù ú sílẹ̀ o, àfìgbà tí a gúnlẹ̀.

Lódì kejì, ọjà aṣọ ni. Haà, wàá fẹ́ràn ibẹ̀! “Mama Africa! Sister! Habibti, come!” Kí n tó la ẹnu, ẹnì kan ti fi ìborùn wé mi lọ́rùn bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo ní ọ̀gbẹ́ni, mo kàn ń wòran ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni ìwòran. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa, ni mo bá ní kó tú gbogbo èyí tó wà lókè sílẹ̀. Inú ara rẹ̀ ló ti kábàámọ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó bá èmi fúnra mi sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn. Àpò mi ni wọ́n ń kí.

Mo dé àdúgbò àwọn ilé àtijọ́ ní Al Fahidi, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé pẹ̀lú ihò gogoro lórí òrùlé tó ń fa atẹ́gùn sọ̀kalẹ̀. Fáànù ayé ijọ́un nìyẹn. Mo dúró lábẹ́ ọ̀kan, atẹ́gùn náà sì tù mí lára. Mo bẹ òyìnbó kan kó yà mí ní fọ́tò. Ó yà á, ó fún mi ní fóònù, ó lọ. Fọ́tò náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ilé náà hàn, bàtà mi hàn. Orí mi ni kò sí níbẹ̀, má bínú.

Mo wọ metro padà sí ibùdókọ̀ Union, kí n lè ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ Sharjah. Ebi ti ń pa mí nígbà yẹn, wọn kì í sì í jẹun nínú metro, owó ìtanràn ni. Òórùn dòdò ń yọ jáde nínú báàgì mi, gbogbo obìnrin inú kóòṣì àwa obìnrin ń wò mí. Mo gbójú sókè bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé etí ọ̀sà Khalid ní Sharjah. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn èèyàn tẹ́ ẹní sórí koríko pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Tọkọtaya ni, ìyá àtọmọ ni, èmi nìkan ni mo dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Àárò rẹ sọ mí gan-an níbẹ̀. Mo ní ó dáa, kí n jẹun tán, kí n máa lọ ilé, kí n kọ̀wé sí Bùsọ́lá pé mò ń bọ̀.

Mo ṣí kúlà. Bí mo ṣe gbé ṣíbí sókè báyìí ni bàbá kan ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, irùngbọ̀n funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, aṣọ gígùn àwọn ará Pakísítánì lọ́rùn. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ìwọ náà mọ̀ pé a ò kọ́ wa ká máa jẹun níwájú àgbà láìpè é. Ẹnu mi kàn sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni: “Baba, come and eat.” Mo ń dúró kó ní á gba ibi ire, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá dúró. Ó wo kúlà, ó wò mí. Ó bu omi inú ike ọwọ́ rẹ̀, ó fi fọwọ́, ó ní Bísímílà, ó sì jókòó.

Bùsọ́lá, ẹ gbà mí o! Bàbá ki ọwọ́ bọ inú jọlọ́ọ̀fù mi! Ó mú dòdò kan, ó ní ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mú méjì sí i. Ata bà á lọ́nà ọ̀fun, ó ń pariwo “Mirchi! Mirchi!”, ìyẹn ata lédè tiwọn, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, síbẹ̀ kò yé jẹ ẹ́. Orí ẹja tí mo ti fojú sí pé òun ni màá fi kádìí rẹ̀, níṣojú mi kòrókòró ló ṣe lọ. Mò ń rẹ́rìn-ín sí i, inú mi ń bú u. Mo ní bàbá àgbà yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?

Nígbà tó tán, ó ní Alhamdulilahi, ó nu ọwọ́, ó ní kí n dúró, ó sì lọ. Mo ní ó tán, ó ti jẹ, ó ti yó, ó ti sá. Mo ń kó kúlà mi jọ ni mo rí i tó ń bọ̀ padà pẹ̀lú tíì oníwàrà gbígbóná fún àwa méjèèjì àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní pàrátà. Ó jókòó. Ó fi gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ̀ẹ́wẹ́ sọ fún mi pé Gul Zaman lorúkọ òun, pé ọkọ̀ tánkà omi lòun wà títí ojú fi di bàìbàì, ọmọ òun ló ń wà á báyìí. Ó ní òun ní ọmọbìnrin kan ní Pẹṣáwà, irú mi yìí gẹ́lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lòun máa ń rìn létí omi yìí, gbogbo ayé á sì máa jẹun lórí koríko. Ó ní ẹnì kankan ò pe òun rí, àfi èmi.

Ojú tì mí, mo bá sọ òtítọ́ fún un. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú, nílùú wa, a máa ń pe ènìyàn ni, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kì í wá. Á ṣàdúrà fún oúnjẹ náà, á sì kọjá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní ní abúlé tòun, bí o bá pe ènìyàn kó wá jẹun tí kò wá, khalas, ó parí, ó kórìíra rẹ nìyẹn. Ìwọ náà ò ní pè é mọ́ láé.

Mo gbé tíì sílẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín lọ, èmi ti dé Al Muteena lọ́kàn mi. Magdalene ni mo rí, lórí ẹní, tó ń pè mí.

Mi ò mọ bí bọ́ọ̀sì ṣe gbé mi délé. Nígbà tí mo wọlé, Magdalene jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò gbójú sókè. Kọ́tìnì mi nìyí níwájú mi, gààrí mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bùsọ́lá, ìyá mi nà mí rí nítorí pé mo dúró ti abọ́ alábọ́. O rántí ọjọ́ yẹn, ìwọ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, “Magdalene, ebi ń pa mí,” ní gẹ̀ẹ́sì tó yé e.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Ó ní ṣé èmi máa jẹ oúnjẹ òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní gbogbo ìgbà tóun ń pè mí, ṣebí mò ń kọ̀ ni, òun rò pé mo ní ọwọ́ òun dọ̀tí ni. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ṣàlàyé á gba ibi ire fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbá mi léjìká, ó ní irú èèyàn wo lẹ jẹ́ gan-an! Ó sún lórí ẹní, ó bu tèmi sínú abọ́. Ọbẹ̀ ẹja alágbọn ni, ó kan díẹ̀, ó sì dùn. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ata ni. Kò sí ata kankan níbẹ̀ o.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, sọ fún onílé kó gbé apá kejì ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa láàárọ̀ yìí pé màá dúró. Ó dùn mí láti kọ̀wé yìí sí ẹ, nítorí mo mọ̀ pé o ti ń wo ibi tí máṣíìnì mi máa wà. Má bínú sí mi. Ìlú tí mo fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ yìí, mi ò tíì jókòó nínú rẹ̀ rárá. Off tó ń bọ̀, èmi àti Magdalene ń lọ sí Sharjah lọ wo Bàbá, màá sì dín dòdò ìlọ́po méjì.

Bá mi kí Adéwálé, bá mi fa Tìmílẹ́yìn létí, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Magdalene ní kí n kí ẹ; mo ti fi fọ́tò rẹ hàn án, ó ní o rẹwà jù mí lọ, mo ní kó lọ tún ojú ṣe. Lọ́jọ́ tí o bá wá wò wá, bí o bá bá wa nídìí oúnjẹ tí a ní kí o wá jẹun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má ṣàdúrà fún wa. Fọwọ́, kí o jókòó.

Èmi ni tìrẹ, tó ti yó,
Fúnmiláyọ̀.