Sálúbàtà Pupa Nínú Àgbàrá

Ladjifarani, Parakou,
Ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín lára líle ní Ṣábẹ̀. Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: ọmọ-ọmọ yín Ẹ̀rínọlá wà láàyè. Ó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun lórí rédíò. Màmá, láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti délé ọkọ níhìn-ín, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Omi wọ yàrá wa, ó gbé ìkòkò, ó gbé ìrọ̀rí, ó gbé àpò gàrí. Iná lọ, fóònù kò lọ mọ́. Bàbá Ẹ̀rínọlá ti kó ẹrù lọ sí Malanville. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Zongo, ọmọ sì wà ní ilé ìkàwé tó ń lọ nínú ọlidé yìí.

Obìnrin Dẹ́ńdì kan ló ń tọ́jú ilé ìkàwé náà, Hàníyyà lórúkọ rẹ̀, Tàńtí làwọn ọmọ ń pè é. Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa wọlé. Ẹni tí òbí kò bá sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú kàyé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò lè mú ọmọ kankan lọ. Lóṣù tó kọjá, mo rán Mùjàhídì, ará ilé wa tó ń fi alùpùpù zémíjàn gbé èrò, pé kó lọ gbé ọmọ wá. Tàńtí kò fún un. Mo lọ bá a níbẹ̀, mo pariwo lójú gbogbo àwọn ọmọ: "Ṣé ìwé lọmọ mi ni, tí ẹ fi ní kí wọ́n máa fọwọ́ sí i?" Kò bá mi jà. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀rínọlá, bí ìwé bá sọ nù, a ó ra òmíràn. Ẹ wá kọ orúkọ ọkùnrin náà síbí, ó parí." Ẹ mọ agídí mi. Mi ò kọ ọ́.

Nígbà tí òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣú, Mùjàhídì yìí kan náà ni mo tún rán. Mo ní, "Ṣáà gbé e wá, má dá obìnrin yẹn lóhùn." Òjò náà rọ̀ títí. Bó ṣe dá díẹ̀ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń ké pé omi ti gbé zémíjàn kan lórí afárá kékeré. Mo sáré débẹ̀. Alùpùpù Mùjàhídì ni, táyà rẹ̀ nìkan ló yọ lókè omi. Òun fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ju okùn sí i. Mo ń ké, "Ọmọ mi dà? Ọmọ mi dà?" Kò gbọ́ mi. Mo bojú wolẹ̀, mo rí sálúbàtà pupa kan tó ń léfòó bọ̀ nínú àgbàrá, pẹ̀lú bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí mo fọwọ́ ara mi rán mọ́ ọn.

Màmá, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní mo fẹ́ bẹ́ sómi, pé obìnrin méjì ló jókòó lé mi lórí. Ọ̀kan nínú wọn ló là mí lójú. Ó ní, "Bàtà mélòó ló ti ń kọjá láti àárọ̀? Ṣé gbogbo ọmọ àdúgbò ló kú ni? Ìwọ obìnrin yìí, bàtà ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé nìyẹn!"

Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ débẹ̀. Nísàlẹ̀, omi ti dé orúnkún, àwọn ìwé ń léfòó. Tàńtí ti fi wọ́n sílẹ̀ fún omi, ọmọ ló gbé. Mẹ́tàdínlógún ló pọ̀n gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ń kàwé fún wọn lókè níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń ro omi. Mùjàhídì ti wá lóòótọ́, Tàńtí lé e padà, Mùjàhídì pòṣé, ó sì dá nìkan lọ. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rínọlá bá ní, "Màmá mi, ẹ rọra, ìtàn náà kò tíì parí." Mo fẹ́ fà á mọ́ra, ni Tàńtí bá na kàyé àti bíìkì ìkọ̀wé sí mi. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọwọ́ sí i ná." Mo fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, òkè ilé ìkàwé ni ìdílé mẹ́sàn-án ń gbé. Iná oòrùn tó wà lórí òrùlé la fi ń gba iná sí fóònù, ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá Ẹ̀rínọlá sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pín oògùn tí à ń jù sínú omi mímu níbẹ̀. Ìkéde tó bá ti mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wá, Tàńtí á sọ ọ́ ní Dẹ́ńdì àti Bàrìbá, á ní kí èmi sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mi wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi lọ àwọn ìwé tó tutù ní ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí nìkan ni mo rí ṣe. Mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Ká ní mo ti kọ orúkọ Mùjàhídì ni, ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ mi ì bá wà lórí afárá yẹn. Agídí tèmi ni kí n dúpẹ́ fún ni, àbí ti Tàńtí? Orí mi kò tíì gbé e.

Ọlọ́run tó fi tiwa pamọ́ yóò fi yín pamọ́ fún wa. Ẹ kò ní fi ojú yín rí òfò ọmọ. Ilé yín kò ní dahoro.

Èmi ni ọmọ yín tó ń rántí yín lójoojúmọ́,
Motọ́láyọ̀, ìyá Ẹ̀rínọlá.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: nígbà tí mo ń fọwọ́ sí kàyé, mo rí ìlà kan lábẹ́ orúkọ mi tó ṣófo. Láti oṣù tó kọjá ni Tàńtí ti fi í sílẹ̀ dè mí. Orúkọ yín ni mo kọ síbẹ̀ lánàá. Bí ẹ bá wá, ẹ lè mú ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání o, torí obìnrin yìí kò ní gbà.