Kọ́kọ́rọ́ Tí Ń Ṣí àti Kọ́kọ́rọ́ Tí Ń Tì

Sigrunn, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le ní Oslo, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa wà lórí òkè wa, orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, yìnyín ti yọ́ tán, àwọn àgùntàn sì ti ń bímọ. A dúpẹ́.

Èmi Torleiv tí mi ò jókòó pẹ́ ní ilé ìwé, tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ́ òkúta kọ́ ilé àgùntàn, èmi náà ni mo ń wa ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí o rà fún mi, báyìí! Bí mo bá ń kọjá, gbogbo ojú fèrèsé ni orí ti ń yọ. O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ bíi tìrẹ ṣọ̀wọ́n.

Kọ́kọ́rọ́ méjì tí à ń tẹ̀ lo fi ránṣẹ́, wọ́n jọra bí ìbejì. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ọ̀kan ni ti ṣíṣí, èkejì ni ti títì. Ta ló ń ti ọkọ̀ ní àdúgbò wa? Mo ju ti títì sínú àpótí ìbọ̀sẹ̀, mo fi ti ṣíṣí sórí àga ọkọ̀ bí a ti máa ń ṣe, kí ẹni tí ọkọ̀ mi bá dí lọ́nà lè wà á kúrò.

Lọ́jọ́ Sátidé, abo àgùntàn kan kú síbi ìbímọ, ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Mo gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ kó lè móoru, mo ní kí Passop ajá wa ṣọ́ ọ, mo lọ wá wàrà. Àṣé Passop á tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀! Ọkọ̀ fi iná ṣẹ́jú sí mi, ó tì pa. Oòrùn mú, ọmọ àgùntàn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fa ilẹ̀kùn títí, mo bẹ ọkọ̀, kò dáhùn. Asbjørn aládùúgbò wa dé, ó ní ìwọ Torleiv tó o ní kò sí ẹ̀rọ tó o ò lè tú, ó jọ pé ẹ̀rọ ló ń tú ìwọ lónìí. Mo gbé òkúta láti fọ́ gíláàsì tí o fi òógùn rẹ rà.

Ni ìyá rẹ bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ títì. Mo ní Ìyá Sigrunn, ọkọ̀ tó ti tì, kí lo tún fẹ́ tì níbẹ̀? Ó ní Bàbá Sigrunn, ẹ sún ọ̀hún jàre. Ó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó yọ ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́, ni fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn wọlé, ọmọ àgùntàn ké. Mo ju òkúta nù.

Ohun tó yé mi ni pé ti ṣíṣí bínú torí pé ajá tẹ̀ ẹ́, ni ti títì bá bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń gba ara wọn sílẹ̀ báyìí, ẹni ńlá ló ń ní in. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Asbjørn, ó bá gba ilé rẹ̀ lọ.

A ti sọ ọmọ àgùntàn náà ní Sigrunn. Ó ń mu wàrà bí ẹni ń mu odò, nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe pé bàbá rẹ ò ní o.

Ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́ ọ láyé. Bó bá sì tì, kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ má gbọ́ ti aláriwo kankan, kó sáré mú kọ́kọ́rọ́ tó bá rí wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Torleiv