Aago Yín Tí Omi Wọ̀

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, mo tiẹ̀ ń sanra. Aago ọwọ́ olówó ńlá tí ẹ bọ́ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí ìlú yìí, mò ń wáìn ún láràárọ̀, mo sì ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àmọ́ omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnaagoṣe kan. Ó ṣí i, ó mí kanlẹ̀. Aago náà ti dógùn-ún nínú lọ́hùn-ún.

“Omi ọṣẹ rèé. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Ohun tí mo sọ fún yín náà ni mo sọ fún un, pé ọ́fíìsì ni. Ó wo ọwọ́ mi tí ọṣẹ tí a fi ń fọ àwo ti bó. Ojú tì mí, mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Ó ní òun á tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí n máa bọ́ ọ níbi iṣẹ́. Bàbá, níbẹ̀ gan-an ni aago yín ti ń jẹ́ kí n rántí pé mo lẹ́ni.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní kí wọ́n má gbàdúrà ìgbéga ọ́fíìsì fún mi mọ́. Kí wọ́n kàn máa gbàdúrà fún mi.

Ọmọ yín ni.