Ìyìn Tí Kò Jẹ́ Kí N Fẹ̀yìn Tì

                                        Ilé Alájà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ìjọba.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà? Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti lọ? Tèmi ni kó o má bèèrè, nítorí inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kó o bá mi pín nínú rẹ̀.

O rántí bí mo ṣe ṣubú ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa lọ́dún tó kọjá, tèmi tapẹ̀rẹ̀ aṣọ ibùsùn tútù. Láti ìgbà náà, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, àfi kí ẹnì kan fà mí dìde. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn mi kò lè gbẹ́rù mọ́. Ni mo bá kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì nítorí àìlera, kí n tó di arọ pátápátá.

Wọ́n ní kí ọ̀gá mi kọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Háà! O ṣáà mọ ọ̀gá wa, ẹni tí kì í fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó ń lọ là ń yìn. Ó kọ ọ́ pé n kì í pẹ́ lẹ́yìn, pé kò sí ẹni tó ń fọṣọ tó mi. Bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń gbé aṣọ tútù fún mi. Èmi kàn ń jókòó ká èyí tó ti gbẹ ni.

Àwọn ìgbìmọ̀ dókítà kà á, wọ́n wò mí tòkètilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà ni ọ̀gá yín ń yìn báyìí, ni ẹ wá ní ara yín ò yá?" Wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni pé bí oore bá pọ̀ lápọ̀jù, ibi ní í dà.

Mo bẹ ọ̀gá kó tún un kọ. Ó yarí kanlẹ̀: "Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé o ò wúlò? N ò lè ṣe é!" Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Lánàá ni ìrọ̀rí kan bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, n kò lè dìde. Ó fà mí dìde, ó mú bírò.

Ó kọ ọ́ pé, "Kò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́. Àwa là ń ṣe é fún un." Ohun tí mo fi gbogbo ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn, àmọ́ nígbà tí mo kà á nílé, ṣe ni mo bú sẹ́kún. Inú tún bí mi nítorí ẹkún náà.

Bá mi kí baálé rẹ, kó o sì sọ fún àwọn oníjà yẹn pé mo ń bọ̀ wá là wọ́n. Ọ̀la ni mo ń padà lọ bá ìgbìmọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi gbàdúrà kí wọ́n gbà pé n kò wúlò mọ́.

Èmi ni tìrẹ, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ kọ̀ mí,

Alágídí.